Mo Mọ Òfin, Òun Kò Mọ̀ Ọ́n

Ní ọ̀sẹ̀ tí a parí ìdánwò SS2, tí a ṣì ń lọ sí ilé-ìwé láìsí iṣẹ́ kankan tí a ń ṣe níbẹ̀, mo gba ₦4,000 lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi kan. N kò jí i. N kò fi ipá gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í síwájú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tì í. Ẹni kẹta tó pín káàdì fún wa wà níbẹ̀, ó lè jẹ́rìí pé n kò rú òfin kankan. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè bóyá olè ni mí. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tètè dájọ́, nítorí èmi fúnra mi ti dá ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bára wọn mu.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà, torí pé inú òfin rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Omaha ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ni nínú àwọn eré káàdì tí à ń pè ní pókà. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń kàwé ní Lọ́kọ́jà, ló kọ́ mi nígbà tó wá sí Kàbà fún ọdún Kérésì. Orí fóònù ló ti ń ta á, pẹ̀lú owó eré tí kò ṣeé ná lọ́jà.

Káàdì 52 ló wà nínú páálí. Àmì mẹ́rin ló pín wọn, méjì pupa, méjì dúdú, ọ̀kan nínú àwọn pupa sì ni àmì ọkàn. Wọ́n á fún olúkúlùkù ní káàdì mẹ́rin tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí márùn-ún sílẹ̀ láàárín, tí gbogbo ènìyàn jọ ni ín. Nínú mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ rẹ àti márùn-ún tó wà nílẹ̀, wàá fi márùn-ún péré jà. Ẹni tí márùn-ún rẹ̀ bá lágbára jù ló ń kó owó àárín. Bí márùn-ún rẹ bá jẹ́ àmì kan náà, ó lágbára gan-an.

Òfin kan ṣoṣo tó ya Omaha sọ́tọ̀ nìyí: méjì gan-an ni wàá mú láti ọwọ́ rẹ, mẹ́ta gan-an láti ilẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan lọ́wọ́ àti mẹ́rin nílẹ̀. Kì í ṣe mẹ́ta lọ́wọ́ àti méjì nílẹ̀. Nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rí nínú fíìmù, tí wọ́n ń pè ní Texas, káàdì méjì ni wọ́n ń fún ènìyàn, ó sì lè mú èyí tó bá wù ú pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀, kódà kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Texas yìí ni ọ̀rẹ́ mi mọ̀.

Ní ọjọ́ náà, ohun tó wà nílẹ̀ ni Ọba, mẹ́sàn-án, mẹ́fà àti méjì, gbogbo wọn jẹ́ àmì ọkàn, pẹ̀lú káàdì dúdú kan. Ọ̀rẹ́ mi wo ilẹ̀ títí. Ó fi ìka ka àwọn ọkàn náà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan náà kan ẹ̀yìn káàdì kan lọ́wọ́ ara rẹ̀. Márùn-ún. Kò mọ̀ pé mo rí i. Ó wá kó gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ₦4,000, ó tì í sí àárín.

Méje àti márùn-ún alámì ọkàn wà lọ́wọ́ mi. Méjì lọ́wọ́, mẹ́ta nílẹ̀, ọkàn márùn-ún pé. Kí n tó lè rí káàdì rẹ̀, èmi náà ní láti fi ₦4,000 lé e. Owó tó wà lápò mi ni owó tí ìyá mi fún mi láti fi ra epo bọ̀ láti ọjà. N kò ṣiyèméjì. Mo kó owó epo náà sílẹ̀.

Ó ṣí káàdì rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ééṣì alámì ọkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, òun ló ga jù nínú gbogbo ọkàn. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọkàn tó ní. Ẹni tó pín káàdì wò ó, ó wò mí, ó ní, "Kò jẹ́. Méjì lọ́wọ́." Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé e. Owó yẹn, ó ti ń kó o jọ láti ìgbà kajú, nígbà tó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣa kajú lóko. Ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi ló fẹ́ fi san. Mo mọ èyí náà kí a tó jókòó.

Mo ti sọ òfin náà fún un o. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo fi pamọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Méjì lọ́wọ́, mẹ́ta nílẹ̀, ṣé o gbọ́?" Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bí ọmọ ọkọ̀ ṣe ń pe Lọ́kọ́jà ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó ti mọ ibi tó ń lọ nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ni pé n kò jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ràn mí lọ́wọ́ láti dá a. Mo pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o rú òfin? O kò rú u. Ṣé o fipá mú un jókòó? O kò mú un. Ká ní òun ló jẹ owó epo màámi ńkọ́, ṣé yóò dá a padà fún ọ?" N kò rí èsì fún un. Ó tún rán mi létí pé kì í ṣe oríire lásán ni mo fi jẹ, pé mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì kọ́ṣẹ́ yẹ kó jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé mo kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́, nítorí ó dùn mọ́ mi, irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní kò dùn. Nínú káàdì mẹ́rin, méjì-méjì mẹ́fà ló wà. Nínú márùn-ún tó wà nílẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta mẹ́wàá ló wà. Ìyẹn ni pé ọ̀nà 60 ni ènìyàn kan lè gbà to márùn-ún tirẹ̀. Mo fi ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì wá iye oríṣi mẹ́rin tí wọ́n lè pín fún ènìyàn láti inú 52, ó jẹ́ 270,725. Ti Texas oníméjì, 1,326 péré ni. Nítorí pé ọ̀nà pọ̀ tó báyìí, ohun tó jọ pé ó lágbára nínú Texas kì í ṣe nǹkan kan nínú Omaha. Bí ó bá ṣeé ṣe kí ẹnìkan ní èyí tó ga jù, ó ṣeé ṣe dáadáa kó wà lọ́wọ́ ẹnìkan lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má lépa ohun tó dára, èyí tó dára jù ni kí n máa lépa, bí n kò bá sì rí ọ̀nà dé ibẹ̀, kí n ju káàdì sílẹ̀.

Jíju sílẹ̀ yìí ni iṣẹ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn máa wo mẹ́rin tí wọ́n fún un, tó sì máa dá wọn padà láìná kọ́bọ̀ lé e. Káàdì tó wúlò ni mẹ́rin tó mọ ara wọn, bíi mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí àmì wọn sì bára wọn mu ní méjì-méjì. Káàdì kan tó rẹwà láàárín mẹ́ta tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀tàn ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Ééṣì. Bí wọ́n bá fún ọ ní Ééṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú rẹ á dùn dé òkè, bẹ́ẹ̀ ìyà ni wọ́n fún ọ: méjì péré lo lè lò, méjì tó kù ti há sọ́wọ́ rẹ, kò sì sí òmíràn nínú páálí tó lè wá ràn ọ́ lọ́wọ́. Ó tún kọ́ mi pé ó dára kí n jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, torí ẹni tó gbẹ́yìn ti rí ohun tí àwọn yòókù ṣe. Níkẹyìn, ó ní, tó ń rẹ́rìn-ín, "Lékè gbogbo rẹ̀, wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó ọ."

Èyí tó fi ẹ̀rín sọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo lọ bá bàbá mi àgbà. Ọlọ́pọ́n ayò ni wọ́n. Lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ni wọ́n máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì ń kọjá á kí wọn, "Òkun o," á dúró díẹ̀, á dá sí ayò tí kò kàn án. Nínú ayò, kò sí ohun tó fara sin. Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ayé ló ń rí i. Mo ti rò pé bóyá ibi tí ìwà burúkú wà nínú káàdì nìyẹn, pé a máa ń fi nǹkan pamọ́ fún ara wa, àti pé bó bá jẹ́ ayò ni mo ta, ọkàn mi ò ní dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo bàbá, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ta ayò àti òpè jọ ń wo ọmọ ayò kan náà ni, ọ̀ta rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin sí i, òpè ò rí ju iwájú ara rẹ̀ lọ. Ohun tó fara sin wà níbẹ̀ náà, inú orí ni wọ́n kó o sí.

Mo bi wọ́n, "Bàbá, bí ọ̀ta bá pàdé òpè, ṣé ó burú kó pa á láyò?"

Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Pípa kọ́ ló burú. Òpè náà, ṣé ó mọ̀ pé ayò ni àwọn jọ ń ta?"

Mo rò pé àwàdà ni. Bàbá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè, wọ́n á wá máa gbọn ọmọ ayò lọ́wọ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo sì lọ wá ìdáhùn níbòmíràn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rọ̀ náà ti parí tipẹ́: ẹ̀ṣẹ̀ ni tẹ́tẹ́. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa náà á sọ fún yín pé Àl-Kùránì ka tẹ́tẹ́ pọ̀ mọ́ ọtí. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kan èmi àti ọ̀rẹ́ mi bákan náà, àwa méjèèjì la jókòó ta á. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jẹ́ ohun tó wà láàárín àwa méjèèjì, ohun tí mo jẹ ẹ́. Mo tún ka ìròyìn nípa ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tó dájọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pé òfin lọ́tìrì tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe ní 2005 kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo kà á dé ìparí. Ẹni tó ni àṣẹ ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ohun tí mò ń wá.

Mo wá ronú nípa kajú, torí ibẹ̀ ni owó náà ti wá. Ní àkókò kajú, àwọn oníṣòwò máa ń wọ abúlé wá ra á. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń rà á lẹ́bàá òkun, àgbẹ̀ tó ń ṣa á lóko lè má mọ̀. Bí oníṣòwò bá yí òṣùwọ̀n, gbogbo wa la máa pè é lólè. Bí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá pé, àmọ́ tó dákẹ́ lórí ohun tó mọ̀, oníṣòwò tó gbọ́n là ń pè é. Kí ló wá dé tí n kò fi lè pe ara mi bẹ́ẹ̀?

Ó pẹ́ kí n tó rí ìyàtọ̀ kan. Àgbẹ̀ tó ta kajú lówó pọ́ọ́kú ṣì gba owó lọ sílé. Kajú ò wúlò fún un nínú àpò, owó wúlò fún un. Àwọn méjèèjì ló jèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹnìkan pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nídìí káàdì, kò sí ohun tí a gbìn, kò sí ohun tí a ká. Kọ́bọ̀ tó bá wọ àpò mi, láti inú àpò ẹnìkan ló ti jáde. Bó bá sì jẹ́ ilé tẹ́tẹ́ la ti ń ta á, tí onílé ń yọ tirẹ̀ lórí owó àárín, gbogbo àwọn tó jókòó yí tábìlì ká, bí a bá pa wọ́n pọ̀, pípàdánù ni wọ́n ń pàdánù. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ máa jẹun nídìí káàdì kò lè ṣe kó má wá òpè. Òpè ni oko rẹ̀. Ìdájọ́ mi kejì nìyẹn: mo jẹ̀bi, gbogbo ẹni tó ń ta káàdì fún owó sì jẹ̀bi.

Ìdájọ́ yìí tù mí lára fún bí ọjọ́ méjì, nítorí ẹ̀bi tí gbogbo ayé jọ pín kì í wúwo lórí ẹnìkan. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó fẹ̀ jù. Bí ẹ̀gbọ́n mi àti ẹni tó mọ̀ ọ́n bí tirẹ̀ bá jókòó, tí ọ̀kan jẹ ₦4,000 lára èkejì, mo lè sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni, n kò lè sọ pé ọ̀kan ja èkejì lólè. Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ tèmi tí kò sí nínú tiwọn.

Ìyá mi àgbà ló mú mi dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ obìnrin wọn ń ta káàdì, wọ́n pariwo dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa, orí ẹ ló ṣe é." Orí. Mo rántí ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí ní ọ̀run, tí olúkúlùkù ń lọ yan tirẹ̀ nílé rẹ̀ kó tó wá sáyé. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ síbẹ̀: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílééméré ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yan orí tó dára lójú, òjò sì pa á lọ́nà, ó ṣí. Afùwàpẹ́ ti yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n ti fún un ní ìmọ̀ràn. Nígbà tó dé, ó bá àwọn tí Àjàlá jẹ ní gbèsè níbẹ̀, ó bá a san án, Àjàlá sì ràn án lọ́wọ́ láti yan orí tó le. (Mo máa ń rò ó, lójú tèmi, pé ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù ilé tí ẹni tó ń mọ orí fún gbogbo ayé ti ń sá pamọ́ fún olówó.)

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, nínú ìwé tó kọ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1991, gbé ìbéèrè kan dìde lórí yíyan orí: bí ẹni tó ń yan kò bá lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó fọ́, ṣé a lè pe ohun tó ṣe ní yíyàn? Ìbéèrè yìí bọ́ sí mi lára. Gbogbo àwíjàre mi dúró lórí pé ọ̀rẹ́ mi yàn láti fi owó rẹ̀ lé e. Ṣé ó yàn án? Ohun tó yàn ni láti fi ₦4,000 lé ọkàn márùn-ún pẹ̀lú Ééṣì. Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n dúró ná. Bí n bá ní kò yàn án torí pé ó ṣi nǹkan rò, eré káàdì kò sí mọ́. Ohun tí à ń ta níbẹ̀ ni kí ènìyàn ṣi nǹkan rò. Mo lè fi owó púpọ̀ lé káàdì tí kò dára kí o lè rò pé ó dára. Ẹni tó mọ Omaha dáadáa, tí Ééṣì ọkàn kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè fi dẹ́rù ba àwọn yòókù, torí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè ní ọkàn tó ga jù nígbà tí Ééṣì há sọ́wọ́ òun. Káàdì kan náà tó pa ọ̀rẹ́ mi ni ẹlòmíràn ìbá fi pa mí. Irọ́ ha nìyẹn bí? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. A ti jọ gbà kí a tó jókòó pé a máa tan ara wa jẹ lórí ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá gbà kí a tan òun kò lè ní wọ́n purọ́ fún òun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá padà wá bá mi, lójijì, nígbà tí mò ń fọ abọ́. Ṣé ó mọ̀ pé ayò ni àwọn jọ ń ta?

Àìmọ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan wà nínú eré: ọ̀rẹ́ mi kò mọ káàdì tó wà lọ́wọ́ mi. Òun ló sì gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Èkejì wà lẹ́yìn odi eré: kò mọ ohun tí à ń pè ní jíjẹ. Nígbà tó fi ìka kan ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ tó sì ka márùn-ún, Texas ló ń ta. Omaha ni èmi ń ta. A jókòó sórí àga méjì tó kọjú síra, a sì ń wo ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n a kò jọ ta eré kankan.

Ní 1654, àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé méjì, Blaise Pascal àti Pierre de Fermat, kọ lẹ́tà sí ara wọn nípa àwọn méjì tó ń ta tẹ́tẹ́ tí eré wọn dá dúró láàárín: báwo ni kí wọ́n ṣe pín owó? Èsì wọn ni pé kí a má wo ohun tó ti kọjá, kí a wo ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀. Mo gbé tiwa sórí rẹ̀. Nígbà tó ti owó síwájú, káàdì márààrún ti wà nílẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti ṣẹlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìka rẹ̀ ṣe fi hàn mí, ohun tó lè jẹ níbẹ̀ jẹ́ òdo. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó dá mi lójú, owó epo ìyá mi ni kí ẹ bi. Ọmọ Kàbà wo ni yóò fi owó epo ìyá rẹ̀ lé ohun tí kò dá a lójú? Tẹ́tẹ́ kọ́ ni mo ta ní ìṣẹ́jú yẹn. Mo kàn ń dúró de owó ni.

Ìdájọ́ mi kẹta nìyẹn. Mo jẹ̀bi, kì í ṣe ti pé mo ta káàdì, kì í ṣe ti pé mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ, bí kò ṣe ti ìṣẹ́jú kan, láàárín ìgbà tí mo rí ìka rẹ̀ àti ìgbà tí mo fi ọwọ́ bọ àpò. Ẹnu mi wà níbẹ̀. "Méjì lọ́wọ́," ọ̀rọ̀ méjì péré. Nígbà tí a bá ń ta Whot nílé, tí àbúrò mi kékeré ju 14 sílẹ̀ tí kò sì rántí pé gbogbo wa ló yẹ kó lọ sọ́jà, gbogbo wa la máa ń pariwo rẹ̀ fún un, àní àwa tí ó máa pa lára. A kì í rò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ní mo ti sọ òfin náà fún un lẹ́ẹ̀kan, pé èmi kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀. Ó tún ní, "Kí lo fẹ́ ṣe fún ẹni tó gbọ́ òfin tí kò fetí sí i?" Èyí le, n kò sì ní díbọ́n pé mo ti bori rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé n kò rí ìka rẹ̀ ni, ì bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló jàre. Ojú tí mo fi rí i ló yí i padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, mo mú ₦4,000 náà lọ sílé ọ̀rẹ́ mi. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí màá sọ lọ́kàn mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìka, ti Texas, ti owó epo. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ojú rẹ̀ le.

Ó ní, "O rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò gba owó. Ó ní bí òun bá gbà á, á jẹ́ pé ọmọdé lòun, ẹni tí wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n tún ń dá a padà fún. Ó ní òun ló fi ọwọ́ ara òun tì í. N kò tíì ronú kan èyí rí, pé dídá owó padà lè jẹ́ gbígba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹni. Mo ní kó jẹ́ ká pín in sí méjì. Ó ní rárá. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ.

Ó wá ní kí n kọ́ òun. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo to káàdì sílẹ̀, mo sì kọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ṣú: ti mẹ́rin tó mọ ara wọn, ti Ééṣì mẹ́rin, ti jíjù sílẹ̀. Hóró kajú la fi ń ta á. Ní ìgbà kan, ọkàn mẹ́rin tún jáde sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ka ọ̀kan, ó wojú mi, ó sì ju gbogbo káàdì rẹ̀ sílẹ̀.

Kò san owó ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi. Ìwé tèmi la jọ ń kà láàárọ̀. Owó náà ṣì wà nínú páálí mathset mi, lábẹ́ kọ́ńpáàsì. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣí páálí náà láti yá rúlà, á mú rúlà, á sì tì í padà.